Níbo Ni Ó Yẹ Kí A Gbé Dígí Ẹ̀yìn Sí?

Àwọn ìbéèrè kan wà tí ó dà bí eré ọmọdé nígbà tí a bá kọ́kọ́ gbọ́ wọn, ṣùgbọ́n bí a bá jókòó tì wọ́n, tí a sì yẹ̀ wọ́n wò fínnífínní, a óò rí i pé ọ̀ràn ńlá ni ó wà nínú wọn. Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé wá bá mi ní ilé mi ní Ẹ̀dá-Oníyọ̀, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan. Mo ti kọ́ ọ ní ìwé nígbà tí ó wà ní kékeré. Nísinsìnyí ó ti di géńdé, ó sì ń ṣe iṣẹ́ títún ara ọkọ̀ ṣe ní Adó-Èkìtì. Ó dọ̀bálẹ̀, mo ní kí ó dìde, mo sì bi í léèrè àlàáfíà ìyá rẹ̀. Nígbà tí ó mu omi tán, ó ní, "Bàbá, ọ̀rọ̀ dígí ọkọ̀ ni ó gbé mi wá sí ọ̀dọ̀ yín. Níbo ni kí n gbé e sí?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo sọ fún un pé ẹfun ìkọ̀wé ni ọwọ́ mi mọ̀, pé n kò mú sípánà rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi. Ṣùgbọ́n kò bá mi rẹ́rìn-ín, nítorí náà mo pa ẹnu mọ́, mo sì fi etí sílẹ̀.

Ọkùnrin olówó kan ni ó gbé iṣẹ́ fún un. Ọkùnrin yìí fẹ́ràn àwọn ọkọ̀ eré àtijọ́, àwọn tí kò ní òrùlé, tí wọ́n kúrú nílẹ̀, tí ara wọn sì ń dán bí ẹja inú omi, irú èyí tí àwọn gbajúmọ̀ ń wà ní ilẹ̀ Yúróòpù àti ní Amẹ́ríkà ní nǹkan bí ọdún 1955. Ojúlówó irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ti wọ́n kọjá ohun tí apá ọ̀pọ̀ ènìyàn ká. Nítorí náà ó ní kí wọ́n ṣe ẹ̀dà kan fún òun lórí ìsàlẹ̀ ògbólógbòó Volkswagen, èyí tí a máa ń pè ní Ìjàpá. Iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àjèjì ní ayé. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Porsche bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọkọ̀ tí wọ́n pè ní 356 ní ọdún 1948, ara Volkswagen ni wọ́n ti mú ọ̀pọ̀ nínú àwọn ohun èlò rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn tí ń ṣe ẹ̀dà ọkọ̀ náà títí di òní fi ń wá Ìjàpá kiri.

Iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ó ku dígí tí awakọ̀ fi ń wo ẹ̀yìn. Olówó náà mú àwòrán kan jáde, ó fi dígí kékeré roboto kan hàn án, tí kò tóbi ju ẹnu ife tíì lọ, tí wọ́n dè mọ́ orí páànù tí ó bo táyà iwájú, nítòsí iná. Ó ní, "Ibí yìí gan-an ni kí o gbé e sí." Ọ̀dọ́mọkùnrin náà gbé e síbẹ̀ láti dán an wò, ó wọ inú ọkọ̀, ó jókòó sí ibi tí awakọ̀ ń jókòó. Ojú ọ̀run ni ó rí nínú dígí náà, ó rí ewé igi máńgòrò, ó sì rí èjìká ara rẹ̀. Kò rí ọ̀nà rárá. Ó padà tọ olówó rẹ̀ lọ, ó bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí òun gbé dígí tí ó tóbi díẹ̀ sí ara ilẹ̀kùn méjèèjì, níbi tí ojú yóò ti lè rí ohun tí ń bọ̀. Olówó náà bínú. Ó ní, "N kò ní kí o ṣe ọkọ̀ tìrẹ fún mi. Ẹ̀dà ni mo ní kí o ṣe. Bí o bá gbé dígí mìíràn sí ibòmíràn, o ti ba òtítọ́ ọkọ̀ náà jẹ́."

Òtítọ́! Ọ̀rọ̀ yìí ni ó gún ọmọ náà lọ́kàn tí ó fi wọ ọkọ̀ láti Adó wá sí ọ̀dọ̀ mi. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin ni ẹ kọ́ wa pé kí a má ṣe purọ́. Nínú èmi àti ọlọ́kọ̀, ta ni ó ń sọ òtítọ́?"

Ẹ̀yin ọmọ mi, n kò lè dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Mo ní kí ó fún mi láyè títí di ọ̀sán. Ohun tí mo rò ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, àti èyí tí mo ti rò kún un láti ìgbà náà, ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ fún yín.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bi ara wa pé kí ni dígí ẹ̀yìn wà fún. Ní ọdún 1909, obìnrin ará Gẹ̀ẹ́sì kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Dorothy Levitt, ẹni tí ó mọ ọkọ̀ wà púpọ̀, kọ ìwé kan fún àwọn obìnrin tí ó fẹ́ máa wakọ̀. Ó gbà wọ́n ní ìmọ̀ràn pé kí wọ́n máa mú dígí ọwọ́ kékeré dání, kí wọ́n máa gbé e sókè lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láti fi wo ohun tí ó wà lẹ́yìn wọn. Ní ọgbọ̀njọ́ oṣù Karùn-ún ọdún 1911, wọ́n sá eré ọkọ̀ oní-máìlì 500 fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Indianapolis ní Amẹ́ríkà. Ènìyàn méjì ni ó sábà máa ń wà nínú ọkọ̀ eré nígbà náà: ọ̀kan ń wakọ̀, èkejì ń ṣọ́ ẹ̀rọ ó sì ń wo ẹ̀yìn. Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Ray Harroun dá wà nínú ọkọ̀ tirẹ̀. Àwọn yòókù kígbe pé ewu ni. Harroun de dígí kan mọ́ òkè iwájú ọkọ̀ rẹ̀, ariwo rọlẹ̀, ó sáré, ó sì gba ipò kìn-ín-ní. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀ ó jẹ́wọ́ pé bíríkì tí wọ́n fi tẹ́ ọ̀nà eré náà mi dígí òun tó bẹ́ẹ̀ tí òun kò fi rí ohunkóhun nínú rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1921, ọmọ Amẹ́ríkà mìíràn, Elmer Berger, bẹ̀rẹ̀ sí í ta dígí ọkọ̀ fún gbogbo ènìyàn, ó sì fún un ní orúkọ tí ó túmọ̀ sí ohun tí a fi ń ṣọ́ ọlọ́pàá.

Ẹ wo bí ọ̀ràn náà ti rí. Dígí kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lò, ṣùgbọ́n ọkàn wọn kò dọ́gba. Èkíní gbé e sókè kí ó má baà ṣe ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ ní ibi lójú ọ̀nà. Èkejì gbé e sókè, ó sì pa àwọn aláròyé lẹ́nu mọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò rí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ẹ̀kẹta tà á fún àwọn tí ó fẹ́ sá fún òfin. Nítorí náà, wíwà tí dígí wà lára ọkọ̀ kò tíì fi hàn pé ẹni tí ń wakọ̀ ń wo ẹ̀yìn.

Ohun kejì tí mo rántí ni ọjọ́ tí gbogbo ọkọ̀ Nàìjíríà yí ọwọ́ padà. Láti ìgbà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni a ti ń gba ọwọ́ òsì, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ilẹ̀ tí ó yí wa ká, Bìní tí à ń pè ní Dahomey nígbà náà, Niger, Chad àti Cameroon, ń gba ọwọ́ ọ̀tún. Ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin ọdún 1972, tí ó bọ́ sí ọjọ́ Àìkú Àjíǹde, ìjọba ní kí a bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọwọ́ ọ̀tún. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí nígbà náà. Mo rántí pé olùkọ́ wa tò wá sí etí ọ̀nà, ó sì ń kọ́ wa bí a óò ti máa wo òsì kí a tó wo ọ̀tún. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí ó wà nílẹ̀ nígbà náà ni ìtọ́kọ̀ wọn wà ní apá ọ̀tún. Kí ọjọ́ náà tó dé, awakọ̀ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ jókòó sí ìhà àárín ọ̀nà, ó ń rí ohun tí ó fẹ́ yà á sílẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ náà mọ́, ìhà igbó ni ó bá ara rẹ̀. Ewu tí ó ti wà ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti bọ́ sí ọwọ́ òsì, dígí ọwọ́ òsì tí kò kà sí tẹ́lẹ̀ sì di èyí tí ẹ̀mí rẹ̀ rọ̀ mọ́. Dígí kò yí padà, ọkọ̀ kò yí padà. Ọ̀nà ni ó yí padà. Ẹni tí ó bá sọ ní ọjọ́ kejì pé, "Bí wọ́n ti ṣe ọkọ̀ mi ni n óò ti lò ó," ìwọ̀nba ọjọ́ díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò fi dùn.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí a yára dá ọlọ́kọ̀ wa lẹ́bi. Àgbà tí kò gbọ́ ẹnu ẹni méjì dájọ́, òṣìkà ni. Ọkùnrin náà ní ẹjọ́ tirẹ̀, ẹjọ́ náà sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Èkíní, òun ni ó ni ọkọ̀, òun ni ó sì ń san owó. Èkejì, òótọ́ ni pé ẹni tí ń ṣe ẹ̀dà kò gbọdọ̀ fi ti ara rẹ̀ kún un. Ní ọdún 1938, wọ́n wú àwọn orí idẹ kan jáde ní ilẹ̀ Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Ilà gbọọrọ-gbọọrọ wà ní ojú ọ̀pọ̀ nínú wọn. Bí a bá ní kí oníṣẹ́-ọnà kan ṣe ẹ̀dà ọ̀kan fún wa, tí ó sì pa ilà ojú rẹ̀ rẹ́ nítorí pé àwọn ènìyàn òde òní kì í kọ irú ilà bẹ́ẹ̀ mọ́, irọ́ ni ó pa mọ́ àwọn baba wa, a kò sì ní gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀kẹta, orí táyà iwájú tí ọlọ́kọ̀ tọ́ka sí kì í ṣe ibi àwọn aṣiwèrè. Ní ilẹ̀ Japan, ibẹ̀ ni òfin ní kí dígí ọkọ̀ máa wà títí di ọdún 1983. Ohun tí ó dára níbẹ̀ ni pé awakọ̀ kò ní láti yí orí púpọ̀ kí ó tó rí dígí. Ohun tí kò dára ni pé dígí jìnnà sí i, ohun tí ó ń rí nínú rẹ̀ sì kéré. Èyí tí ó wà lára ilẹ̀kùn sún mọ́ ojú, ó fi nǹkan hàn ní títóbi, ṣùgbọ́n ojú ní láti yà kúrò ní iwájú díẹ̀ kí ó tó bá a. Bí wọ́n bá ṣe dígí kí ó yọ ikùn, yóò rí ibi tí ó fẹ̀, ṣùgbọ́n yóò mú kí ọkọ̀ tí ń bọ̀ dà bí ẹni pé ó ṣì jìnnà. Kò sí èyí tí ó rí gbogbo nǹkan. Nítorí náà kì í ṣe ẹjọ́ pé ibì kan jẹ́ ibi mímọ́, tí ibì kejì sì jẹ́ ibi ègún. Ìbéèrè náà ni pé: ẹni tí ó jókòó sínú ọkọ̀ yìí, ǹjẹ́ ó ń rí ẹni tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀?

Níbí ni mo ti rí ohun tí ó ya orí idẹ Ifẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ọkọ̀. Orí idẹ jókòó sínú ilé, a ń wò ó, kò sì bá ẹnikẹ́ni du ọ̀nà. Ọkọ̀ a máa jáde sí àárín àwọn ènìyàn. Bí ọkọ̀ olówó yìí bá jẹ́ èyí tí a óò gbé sínú gbọ̀ngàn kí àwọn ènìyàn máa wò ó, èmi ni n óò kọ́kọ́ sọ pé kí a gbé dígí rẹ̀ sí ibi tí àwòrán wí. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà láti Adó sí Ìfàkì ni ó ń lọ, níbi tí obìnrin tí ó ru iṣu, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ń ti oko bọ̀, ọlọ́kadà àti ọkọ̀ akẹ́rù ti jọ ń lò ó.

Dígí ara ọkọ̀ sì ju ohun èlò lọ, ẹ̀jẹ́ ni. Ọlọ́kadà tí ó wà lẹ́yìn ọkọ̀ rí dígí níwájú, ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó ní, "Ọ̀gá yìí rí mi." Ó gbẹ́kẹ̀ lé e, ó sún mọ́ ọn. Bí dígí náà bá wà níbẹ̀ fún ẹwà nìkan, tí kò rí nǹkan kan ju ewé máńgòrò lọ, a jẹ́ pé ọkọ̀ náà ń purọ́ fún gbogbo ẹni tí ó ń tẹ̀ lé e. Ọlọ́kọ̀ wa bẹ̀rù kí ó má baà purọ́ mọ́ àwòrán, ṣùgbọ́n kò bẹ̀rù láti purọ́ mọ́ ènìyàn. Nígbà tí a bá sì gbé àwòrán àti ènìyàn sórí òṣùwọ̀n, èyí tí ó lè fara gbọgbẹ́ ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ jẹ́ olóòótọ́ sí.

Àní sí àwọn tí ó kọ́kọ́ ṣe ọkọ̀ náà pàápàá, n kò rò pé ọlọ́kọ̀ wa jẹ́ olóòótọ́ tó bí ó ti rò. Ọ̀nà ayé tiwọn ni wọ́n wò kí wọ́n tó pinnu ibi tí dígí yóò wà, nígbà tí ọkọ̀ kò tíì pọ̀ lójú pópó bí ti òní. Ẹni tí ó bá fẹ́ fara wé wọn ní tòótọ́, kí ó wo ọ̀nà ayé tirẹ̀ pẹ̀lú. Ohun tí ọwọ́ wọn ṣe ni olówó yìí fara wé, kò fara wé ọgbọ́n tí ó darí ọwọ́ náà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí pẹ̀lú àṣà ilẹ̀ wa. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń di ohun tí àwọn baba wa ṣe mú gírígírí, tí a kò sì bi ara wa léèrè ìdí tí wọ́n fi ṣe é.

Má ṣe rò, ìwọ òǹkàwé mi, pé ọ̀rọ̀ àwọn olówó nìkan ni mo ń sọ. Dúró sí etí ọ̀nà láti Ìdó sí Ìfàkì ní wákàtí kan péré, kí o máa ka àwọn ọ̀kadà tí ń kọjá. Ìwọ yóò rí èyí tí wọ́n ti tú dígí rẹ̀ dànù nítorí pé kì í jẹ́ kí ó lè gba àárín ọkọ̀ méjì kọjá. Ìwọ yóò rí èyí tí dígí rẹ̀ kọjú sí ọ̀run. Ìwọ yóò sì rí ọ̀dọ́ tí ó yí dígí sí ọ̀dọ̀ ara rẹ̀, tí ó ń fi wo bí fìlà ṣe bá a mu. Òfin ìrìnnà ilẹ̀ wa ní kí dígí ẹ̀yìn máa wà, a sì ti dá Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó sílẹ̀ láti ọdún 1988 láti máa ṣọ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Nítorí náà àwọn kan wà tí ó jẹ́ pé ojú ẹ̀ṣọ́ ni wọ́n ṣe gbé dígí tiwọn sí. Bí ẹ̀ṣọ́ bá ti kọjá, dígí ti parí iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn.

Èmi tí mo ń kọ ìwé yìí pẹ̀lú ti gbé dígí sí ibi tí kò yẹ rí. N óò sọ ọ́, bí ó tilẹ̀ ń tì mí lójú. Nígbà tí mo jẹ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan, mo gbọ́ níbi ìpàdé pé ó dára kí ọ̀gá ní àpótí kan tí àwọn ọmọ yóò máa ju ìwé sí, kí wọ́n lè sọ ohun tí ó ń dùn wọ́n láìdárúkọ ara wọn. Mo ní kí káfíńtà kan àpótí dáradára kan, mo kun ún ní ọ̀dà, mo sì gbé e kọ́ sí ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì mi. Àwọn àlejò ń rí i, wọ́n sì ń yìn mí. Odidi ọdún kan kọjá, n kò bá ìwé kankan nínú rẹ̀. Mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ilé-ẹ̀kọ́ mi tòrò. Ní ọjọ́ kan, ìyá tí ń gbá àyíká ilé-ẹ̀kọ́ sọ fún mi pé, "Ọ̀gá, ọmọ wo ni yóò wá sí ẹnu ọ̀nà yín lójú gbogbo olùkọ́ kí ó wá fi ẹjọ́ olùkọ́ sùn?" Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo gbé àpótí náà lọ sí ẹ̀yìn ilé, nítòsí kànga. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, mo bá ìwé mẹ́rin nínú rẹ̀. Ohun kan náà ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wí: olùkọ́ kan ń kó àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà lọ sí oko rẹ̀ ní àkókò ẹ̀kọ́, ó sì ń na èyí tí ó bá sọ ọ́ nílé. Mo wádìí rẹ̀, òótọ́ ni. Mo fòpin sí i. Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin kan ti wà nínú wọn tí ó ti fi ìwé sílẹ̀ ní oṣù mélòó kan ṣáájú, tí ó ti bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sí ìlú òkèèrè. Mo wá a títí, n kò rí i. Títí di òní, bí mo bá rántí àpótí ọlọ́dà yẹn, ọmọ yẹn ni mo máa ń rántí. Àpótí mi wà ní ibi tí ó ti lẹ́wà, kò sí ní ibi tí ó ti lè ríran.

Àwọn àgbà sọ pé ìpàkọ́ onípàkọ́ ni à ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní ń bá ni rí tẹni. Kò sí ẹni tí Ẹlẹ́dàá fún ní ojú ní ẹ̀yìn orí. Nítorí náà gbogbo wa ni a nílò dígí: ọ̀rẹ́ tí ó lè bá wa wí, àbúrò tí kò bẹ̀rù wa, ọmọ-iṣẹ́ tí a gbà láyè láti sọ̀rọ̀. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ni ó wà láàárín àwa ènìyàn: àwọn kan gbé dígí tiwọn sí ibi tí yóò ti máa fi ojú ara wọn hàn wọ́n kí wọ́n lè máa yin ara wọn, àwọn mìíràn sì gbé e sí ibi tí yóò ti fi ẹni tí wọ́n lè pa lára hàn wọ́n.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé náà, mo sọ ohun mẹ́ta fún ọ̀dọ́mọkùnrin náà. Mo ní, "Èkíní, má ṣe yí dígí náà padà ní ẹ̀yìn ọlọ́kọ̀. Ọkọ̀ rẹ̀ ni, owó rẹ̀ ni. A kì í fi irọ́ gbèjà òtítọ́. Èkejì, bẹ̀ ẹ́ kí ó jókòó sínú ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Kí ọmọ-iṣẹ́ rẹ kan máa rìn bọ̀ láti ẹ̀yìn ọkọ̀, díẹ̀díẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́, kí ọlọ́kọ̀ wí nígbà tí ó bá rí i nínú dígí. Jẹ́ kí ojú rẹ̀ dá ẹjọ́ náà. Ẹ̀kẹta, sọ fún un pé o lè ṣe ìdè dígí náà ní èyí tí ó ṣeé tú, kí ti àwòrán máa wà lára ọkọ̀ nígbà tí ó bá dúró fún ìwòran, kí ti ọ̀nà sì máa wà lára rẹ̀ nígbà tí ó bá ń rìn. Bí ó bá kọ gbogbo rẹ̀, má ṣe fi ọwọ́ rẹ parí iṣẹ́ náà."

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ó padà wá. Ojú rẹ̀ kò fi ayọ̀ hàn. Ó ní ọlọ́kọ̀ jókòó sínú ọkọ̀ lóòótọ́, ọmọ-iṣẹ́ sì rìn bọ̀ láti ẹ̀yìn, ọlọ́kọ̀ kò sì rí i títí ọmọ náà fi dé ibi ìgúnpá rẹ̀. Gbogbo wọn dákẹ́. Ọlọ́kọ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ta ni yóò wà lẹ́yìn mi? Irú ọkọ̀ báyìí, iwájú ni í máa ń wà." Ní ọjọ́ kejì ó wá gbé ọkọ̀ náà lọ sí ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ mìíràn, ẹni yẹn sì gbé dígí sí ibi tí àwòrán wí. Owó iṣẹ́ tí ó kù kò tẹ ọ̀dọ́mọkùnrin náà lọ́wọ́ mọ́, bẹ́ẹ̀ òun ni ó fẹ́ fi san owó ilé-ẹ̀kọ́ àbúrò rẹ̀ obìnrin. Ó ní, "Bàbá, mo kọ̀, ṣùgbọ́n ibi tí dígí náà ì bá wà bí n kò bá kọ̀ náà ni ó wà. Kí ni mo rí gbà?"

Ìbéèrè yìí le ju ti ìṣáájú lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rere ni ó ti ṣubú nítorí rẹ̀. Wọ́n ní, "Bí èmi kò bá ṣe é, ẹlòmíràn yóò ṣe é." Ẹ wò ó dáadáa. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá tó láti dá ènìyàn láre, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ tí kò ní dá láre, nítorí kò sí iṣẹ́ ibi tí kò rí ẹlòmíràn tí yóò ṣe é. Adigunjalè lè wí i, agbowó-ẹ̀yìn náà lè wí i. A kò fi gbogbo ọ̀nà ayé sí ìkáwọ́ ẹnikẹ́ni nínú wa, ṣùgbọ́n ọwọ́ wa méjèèjì wà ní ìkáwọ́ wa. Ohun kan sì tún wà. Ọmọ-iṣẹ́ tí ó rìn láti ẹ̀yìn ọkọ̀ ní ọjọ́ náà rí i pé ọ̀gá òun fẹ́ pàdánù owó ju kí ó ṣe dígí tí kò ríran lọ. Ọmọ náà yóò di ọ̀gá lọ́la. N kò lè wí pé ohun tí ó rí ní ọjọ́ náà kò jẹ́ nǹkan kan.

Ohun tí mo sọ fún un nìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo sọ̀rọ̀ tán, mo rí i pé èmi tí mo gba ènìyàn ní ìmọ̀ràn kò pàdánù kọ́bọ̀ kan, òun tí ó gbà á ni ó pàdánù. Ọgbọ́n tí kò ná ẹni tí ó ni ín ní nǹkan kan kò wúwo. Nítorí náà mo wọ iyàrá, mo mú díẹ̀ nínú owó ìfẹ̀yìntì mi, mo sì ní kí ó fi kún owó ilé-ẹ̀kọ́ àbúrò rẹ̀. Ó kọ́kọ́ kọ̀ ọ́, mo ní kì í ṣe ọrẹ, pé gbèsè ìmọ̀ràn mi ni mo ń san. Ó dọ̀bálẹ̀, ó gbà á.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ìgbà kan ń bọ̀ tí ẹ óò ní ọkọ̀ tiyín, tàbí iṣẹ́, tàbí ilé, tàbí ipò àṣẹ. Ayé yóò mú àwòrán ẹlẹ́wà wá fún yín, yóò sì sọ fún yín pé bí ó ti wà nínú àwòrán ni kí ẹ ṣe é. Ẹ gba ẹwà rẹ̀, nítorí ẹwà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó de ìdè ìkẹyìn, ẹ jókòó sínú ọkọ̀ náà, ẹ ní kí ọmọ kékeré kan máa rìn bọ̀ láti ẹ̀yìn, kí ẹ sì bi ojú yín léèrè bóyá ó rí i. Bí kò bá rí i, ẹ ṣí dígí náà kúrò níbẹ̀.